Ṣọ́ọ̀bù Tó Dojú Kọ Ti Màmá Télọ̀

Ìwé ìròyìn àdúgbò kọ ọ́ gàdàgbà: "Télọ̀ méjì forí gbárí!" Inú bí Màmá Télọ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Forí gbárí kẹ̀? Ọmọ tí òun bí, tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ níṣẹ́, ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì, ni wọ́n sọ di ìjà!

Ní títì yẹn, bí ẹnìkan bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun, aládùúgbò kankan kì í ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ títí oníbàárà àkọ́kọ́ fi máa wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí ọmọ náà ṣí tiẹ̀, oníbúrẹ́dì ń dúró níta, onígbàjámọ̀ ń dúró, oníròyìn náà gbé kámẹ́rà dání. Ẹnikẹ́ni ò yọjú. Ọmọ náà ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀.

Ni Màmá Télọ̀ bá mú kaba rẹ̀ tó tú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọdá. "Télọ̀, bá mi rán èyí."

Ọmọ náà yí kaba náà padà, ó wo inú rẹ̀ fínnífínní, ó mirí.

"Ẹ má bínú, Màmá mi. Ẹni tó rán an ò ṣẹ́ etí aṣọ yìí dáadáa. Màá tú gbogbo ẹ̀ ni."

Gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ojú Màmá Télọ̀. Ta ni ò mọ ẹni tó rán an?

Orí Màmá Télọ̀ wú. Ó yíjú sí oníròyìn.

"Ìwọ, ya fọ́tò wa. Kó o kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀, gàdàgbà bíi ti àná, pé mo ti rí télọ̀ mi."