Irun Tó Padà Dé

Ẹ̀rù irun ń ba Aránṣọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń rán aṣọ ilé ìwé fún ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò, tí kì í sá fún ajá, tí kì í sá fún onílé, irun orí ara rẹ̀ ló ń sá fún.

Àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jẹjẹrẹ mú un lọ́mú òsì. Wọ́n gé ohun tí wọ́n gé, wọ́n fa oògùn sí i lára títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jí, tó rí nǹkan dúdú lórí ìrọ̀rí, tó kọ́kọ́ rò pé ológbò aládùúgbò ló sùn síbẹ̀. Igbe tó ké nígbà tó mọ̀ pé irun òun ni, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Ó ti gba ìtọ́jú tán báyìí. Dókítà ní kó kàn máa wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Irun náà sì ti padà hù, àmọ́ èyí tó padà dé kì í ṣe èyí tó lọ.

Èyí tó lọ le, ó ki, òòyà tí kò bá lágbára á fi eyín sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó dé yìí rọ̀, ó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, ó sùn lé e lórí bí òwú tí wọ́n tú lára súwẹ́tà àtijọ́. Aránṣọ sì mọ òwú. Òwú tó bá ti rí báyẹn ti jìyà rí, kì í pẹ́ kó tó já. Ohun tó kó sí i láyà nìyẹn. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí irun yìí bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, àìsàn ti padà dé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òun ló sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́ ju dókítà lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Kí wá ni ọgbọ́n tó dá? Kò fọwọ́ kàn án. Kò yà á, kò fọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Síkáàfù kan láàárọ̀, òmíràn lálẹ́, á sì dì í le bí ẹni di ẹrù àjò. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, tí ọ̀rọ̀ dídùn kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀, rí irun náà fìrí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Irun yìí mà yẹ ọ́ o."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀ jàre," ni Aránṣọ wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kó gbọ́ kó sá lọ ni?"

Àwọn oníbàárà náà ò jẹ́ kó sinmi. Obìnrin kan wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀, ó rí ìwọ̀nba irun tó yọ lábẹ́ síkáàfù, ó sì nawọ́ fà á. "Háà, Aránṣọ, o ti di òyìnbó! Kí lo fi sí i? Sọ fún wa, kí àwa náà lè lò ó." Aránṣọ bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun ló tu jáde. Kí obìnrin náà tó dé ìta, Aránṣọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fọwọ́ wá inú àjákù aṣọ, bóyá fọ́nrán kan ti já sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù ìṣerun tó wà ní òdìkejì títì. Àǹtí Olóòyà ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, kò sì sí orí tó lágídí tó agbára rẹ̀. Òun ló máa ń sọ ìyẹn fúnra rẹ̀ o, kì í dúró de ẹni tó máa yìn ín. Ọjọ́ tó wọ yàrá ìránṣọ tí òórùn síkáàfù yẹn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo imú.

"Ọmọ ìyá mi, kí ló kú sí ọ lórí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fi ọ́ sílẹ̀. Èmi tí mò ń ṣe orí gbogbo ìlú, kí àbúrò mi wá máa rùn? Dìde níbẹ̀!"

Ó fà á sọdá títì, ó mú un jókòó síwájú dígí, ó tú síkáàfù dànù. Irun náà ti lọ́ mọ́ra, ó ti di kókó. Ibí yìí gan-an ni Àǹtí Olóòyà ti ṣe àṣìṣe, ẹni tí iṣẹ́ bá sì ti mọ́ lọ́wọ́ jù ló máa ń ṣe irú rẹ̀. Ó ṣe irun tuntun bíi ti àtijọ́. Kò bu omi sí i. Ó bu ìpara tó ki, ó fi pa á, ó mú òòyà eléyín wẹ́wẹ́, ó tì í bọ ìdí irun, ó sì fà á jáde tagbáratagbára, bó ṣe máa ń ṣe é látìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́mọdé.

Òòyà náà jáde. Irun kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú.

Aránṣọ rí i nínú dígí. Ó tún wá rí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dákẹ́. Àǹtí Olóòyà, tí kì í dákẹ́ nílé òkú pàápàá, dákẹ́ lọ gbári. Ó yára fa irun náà kúrò lẹ́nu òòyà, ó sì tì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jalè.

"Ẹ mú un jáde."

"Kí ni kí n mú jáde?"

"Ohun tó wà lápò yín. Mo rí i." Aránṣọ ti dìde lórí àga. "Ó ti padà dé, Àǹtí. Mo mọ̀ pé ó máa padà dé."

"Ẹnu ẹ kọ́ la ti máa gbọ́ ọ! Jókòó, jẹ́ kí n..."

Kò jókòó. Ó sáré jáde, ó gba àárín ọkọ̀ kọjá, òun tí kò jẹ́ kí oòrùn rí orí òun láti ọjọ́ yìí, orí ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra. Ó ń fọwọ́ tẹ àyà, ó ń tẹ abíyá, ó ń wá kókó, títí ibi tó ń tẹ̀ fi ń dùn ún, tó wá ń bẹ̀rù pé dídùn yẹn gan-an ni àìsàn.

Àǹtí Olóòyà náà ò rí oorun sùn. Ó mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Obìnrin kan wà níparí òpópónà tó máa ń ṣe irú irun rírọ̀ bẹ́ẹ̀, tí Àǹtí Olóòyà ti ń bú láti ọjọ́ yìí pé ńṣe ló ń fi irun ṣeré. Ilé rẹ̀ ló gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i, ó ní, "Dákun, kọ́ mi." Nígbà tó padà wá kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀, ó mú ike omi àti ìgò òróró kékeré kan dání. Kò mú òòyà.

Kò tiẹ̀ mẹ́nu kan fífọ irun. Ó mú Aránṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì nawọ́ sí igun ibi tí wọ́n gbá irun jọ sí. Òkìtì ni.

"Irun ta nìyí?"

"Ti àwọn oníbàárà yín."

"Ṣé jẹjẹrẹ ló ń ṣe gbogbo wọn?"

Aránṣọ fi ìka ẹsẹ̀ tú òkìtì náà wò.

"Irun ẹ̀dá ń já lójoojúmọ́, àbúrò mi. Nígbà tí mo máa ń dì ẹ́ lórí, èyí tó bá já á há sínú dídì, o ò ní rí i. Ìwọ wá lọ dì í pa mọ́ inú síkáàfù. Èyí tó yẹ kó máa já díẹ̀díẹ̀ dúró síbẹ̀, èmi arógunmásàá náà wá fi òòyà fa gbogbo rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé irun jíjá ni ikú, èmi ti kú tipẹ́." Ló bá ṣí wíìgì orí rẹ̀. Láti iwájú orí títí dé ẹ̀bá etí, irun dídì tó le jù ti jẹ ibẹ̀ tán, ó ń dán. Aránṣọ ò mọ̀gbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni wọ́n fọ irun yẹn. Omi lákọ̀ọ́kọ́, kó rin gbingbin. Ọṣẹ díẹ̀. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi tú u, láti ẹnu irun lọ sí ìdí, kì í ṣe láti ìdí wá sí ẹnu. Ẹ̀kán òróró díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Olóòyà gbé táwẹ̀lì, Aránṣọ dá a dúró.

"Ẹ má nù ún tagbáratagbára. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Bíi síliìkì ni. A kì í fún síliìkì, a kì í fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán jíìnsì rán an."

"Ẹ̀n-ẹ́n! O mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, o sì jẹ́ kí n lọ kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn?"

Láti ìgbà náà ló ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá fọ̀ ọ́, a máa tẹ́ ìka rẹ̀ síwájú láti wo iye tó já. Díẹ̀ ló ń já. Nígbà míì kì í tiẹ̀ já rárá. Ó ń lọ́ ọ ní méjì méjì, kò fà á le, kó tó sùn, ó ń tú u láàárọ̀, irun náà sì ń dán, ó ń sọ̀kalẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ sí ọrùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ láìwé síkáàfù. Àwọn èèyàn ní, "Aránṣọ, ìwọ rèé!" Òun náà wo dígí, ó ní àbí kò rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá wo ìwà ọmọ aráyé. Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, kò lọ. Ilé ìwòsàn pè é lórí fóònù, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n tún pè, kò gbé e. Nígbà tí Àǹtí Olóòyà gbọ́, ó sọdá títì tòun ti ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀?" ni Aránṣọ wí. "Irun mi ò já. Ara mi ti yá."

"Ta ló sọ fún ọ pé irun ni dókítà?"

"Àǹtí, ẹ má fi wàhálà wá wàhálà."

"O ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá! Irun lo mọ̀ ọ́n tọ́jú, àyà ńkọ́?" Ó jókòó sórí àwọn aṣọ tí Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán. "Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní dìde níbí àfi tí o bá dìde."

Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí Aránṣọ lọ, kì í ṣe agídí. Àwọn méjèèjì mọ̀. Aránṣọ wo aṣọ tó ń rún lábẹ́ ìdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ mú báàgì rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà rẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan níbẹ̀, wọ́n ní kó padà wá gbọ́ èsì. Ọjọ́ tí wọ́n padà lọ, dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn kó tó lanu. Ìgbà tó fa àga yẹn ni Aránṣọ ti mọ̀.

"Mà, a rí nǹkan kan ní ọmú ọ̀tún. Ó kéré, kò sì tíì tàn. A ṣì lè tọ́jú rẹ̀."

"Rárá o." Aránṣọ ń mi orí. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Dókítà, ẹ wo irun mi." Ó já síkáàfù tó wé jáde kúrò lórí, ó tẹ orí síwájú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ẹ fà á. Mo ní kí ẹ fà á. Kò já! Ẹ fà á kí ẹ rí i."

Dókítà ò fà á. "Irun yín dára gan-an, Mà," ló wí. "Ṣùgbọ́n irun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oògùn ló mú un já nígbà yẹn, kì í ṣe àìsàn."

Aránṣọ wé síkáàfù rẹ̀ padà. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń tẹ́ ìka, tó ń wo fọ́nrán, ẹnu ọ̀nà iwájú ló ń ṣọ́, olè sì ti gba ẹ̀yìn wọlé. "Ṣé ẹ máa tún fa oògùn náà sí mi lára?" ló bi í.

"A máa tún fà á, Mà."

Kò bèèrè ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé, ṣọ́ọ̀bù ni Àǹtí Olóòyà mú un lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn oníbàárà síta. Ó mú ẹ̀rọ ìgérun jáde, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. "Ṣé kí n gé e?" ló bi í. "Kí o má bàá máa wò ó bó ṣe ń lọ?"

"Rárá. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

"Kí n fọ̀ ọ́? Irun tó jẹ́ pé..."

"Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, Àǹtí. Kò tíì lọ." Ó jókòó sídìí omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó dúró de yẹ̀yẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa fi ṣe é. Yẹ̀yẹ́ ò wá. Àǹtí Olóòyà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun náà.

"Èmi náà, ọmọ ìyá mi," ló wí. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni."

Ó ṣí omi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò bóyá kò gbóná jù, ó sì ní kó gbé orí sẹ́yìn.