Ebè Wilf Tí Wọ́n Ní Ó Ṣófo

Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ahéré Wilf nínú ọgbà, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ìpín tirẹ̀ á ti rí i kà. Noreen kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e, nítorí ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ lára máa ń dẹ́rù bà á láti kékeré. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀, Wilf Bewick, tó ni ìpín kẹrìnlá nínú ilẹ̀ ọgbà tí àwọn ará àdúgbò pín lò, ti kú. Ọmọ rẹ̀ lè jogún ìpín náà, bí ó bá ti ro ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ kó tó di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta. Bí kò bá rí i ṣe, ó di ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn lára àwọn tó ń dúró de ìpín. Ọ̀gbẹ́ni Stobbart, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olọ́gbà, ló fọwọ́ sí i.

Noreen ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ilé ìdáná ilé-ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti fọ ìkòkò tó kẹ́yìn tán ní aago méjì, ọgbà yá. Oṣù kejì lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, ilẹ̀ á dì bí òkúta. Lọ́sàn-án, á di ẹrẹ̀ tí ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Síbẹ̀, ó ti tú ebè líìkì, ewébẹ̀ tó jọ àlùbọ́sà, ó ti da ìgbẹ́ ẹṣin sínú kòtò ẹ̀wà, pòtétò tó fẹ́ gbìn sì wà nínú páálí ẹyin lójú fèrèsé rẹ̀, wọ́n ń yọ ojú. Ó ku apá ọ̀tún tí koríko ti gbà, àti ebè ewébẹ̀ asipárágọ́sì tó wà létí ọgbà.

Ìdí ebè yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún tí wọ́n ti ibi ìwakùsà tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pa ni bàbá náà gbìn ín, nígbà tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Ní gbogbo oṣù karùn-ún, ó máa ń yọ láti inú ilẹ̀ bí ìka ọwọ́, tútù, aládùn. Bí òtútù bá ti dé, wọ́n á gé ewé rẹ̀ kanlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á máa sùn nísàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ilẹ̀ lásán ni. Olọ́gbà kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Stobbart sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló wá, tòun ti ọ̀pá ìwọnlẹ̀ rẹ̀. Ó fi ọ̀pá gún ebè náà.

"Eléyìí ò ní wọ inú kíkà o, Noreen. Òfìfo ni."

"Asipárágọ́sì Dádì ni, sà."

"Ìwọ ń rí asipárágọ́sì? Ilẹ̀ lèmi ń rí." Ó rẹ́rìn-ín. "Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń dúró de ìpín, ọmọ mi. Ọkọ ọmọ mi ló kàn gan-an. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ tá à ń sọ."

Noreen wulẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Nígbà tó délé, ó pe Clive àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní gúúsù, pé kó wá bá òun tú apá koríko yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Clive dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tó yá, bàtà funfun lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń lọ ibi eré bọ́ọ̀lù.

"Jókòó jẹ́ẹ́, Noreen tiwa. Wákàtí kan péré, ó ti parí."

Noreen mú un lọ sétí ebè, ó fi okùn àti igi mẹ́rin pààlà yí i ká. "Ibí yìí, má fọwọ́ kàn án. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Lọ wá tíì."

Ìkòkò omi ìyá àgbà Hetty, tó ni ìpín kẹẹ̀ẹ́dógún, máa ń pẹ́ kó tó hó. Noreen ń bọ̀ pẹ̀lú ife méjì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ pé ìró ẹ̀rọ ti yí padà. Kò sí lápá ọ̀tún mọ́. Ó sáré. Okùn ti já. Ẹ̀rọ wà láàárín ebè bàbá rẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò sókè, gbòǹgbò olọ́wọ́ púpọ̀ bí aláǹtakùn ńlá, gígé wẹ́wẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Stobbart dúró lójú ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò.

Ẹ̀rù ṣì wà nínú Noreen o. Ẹ̀rù kò lọ síbì kankan. Ìbínú ló wá jókòó lé e lórí.

"Pa á!" Ife méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Clive, pa nǹkan yẹn!"

Clive pa á. "Kí ló dé? Ọ̀gbẹ́ni yìí ní tí mi ò bá tú u, wọ́n máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Mo ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni!"

"Ìrànlọ́wọ́ rèé? Ohun tí Dádì jókòó tì fún ọgbọ̀n ọdún! Ìwọ tó ò wá kí i nígbà tó ń ṣàìsàn, o wá gbé ẹ̀rọ wá pa á lẹ́ẹ̀kejì?"

Clive yọ ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

"Ó tó, ó tó," ni Stobbart wí. "Wọ́n ti ro ó báyìí, ilẹ̀ ẹ ti pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọpẹ́ ló yẹ kó o máa dá."

"Ọpẹ́?" Noreen yíjú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni Stobbart, ta ló ń gbé ìdì asipárágọ́sì sẹ́nu ọ̀nà yín ní gbogbo oṣù karùn-ún? Bàbá mi kọ́? Ẹ fi bọ́tà jẹ ẹ́! Ìyàwó yín ló sọ fún mi pé ẹ kì í jẹ́ kóun tọ́ ọ wò ju ẹyọ mẹ́ta lọ! Ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Inú yín ló ti ń lọ láti ọdún pípẹ́ wá!"

"Ó jẹ ẹ́!" Ìyá àgbà Hetty ti dé ẹ̀bá ọgbà, ìbòrí òtútù bò ó dé ojú. "Ó tún padà wá tọrọ sí i lọ́dún tó kọjá. Aláìnítìjú!"

Etí Stobbart pọ́n. Àwọn olọ́gbà mìíràn ti ń gbé orí sókè. "Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ nìyí. Òfin ni."

"Kí òfin kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ kọ ọ́ pé ebè tí a gbin nǹkan sí ni. Bẹ́ ẹ bá pè é ní ilẹ̀ òfìfo lónìí, òfìfo náà lẹ máa pè é lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó tún kan lẹ́tà mọ́ ilẹ̀kùn mi."

"Mi ò lè kọ ohun tí kò sí."

"Ẹ dúró níbẹ̀."

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán ṣa gbòǹgbò nílẹ̀. Nínú nǹkan bí ọgbọ̀n ìdí tí bàbá rẹ̀ gbìn, mẹ́sàn-án péré ni ẹ̀rọ kò gé. Ó wa kòtò gígùn, ó mọ òkè kékeré sáàárín rẹ̀, ó gbé ìdí kọ̀ọ̀kan gùn ún bí ẹni gun ẹṣin, gbòǹgbò ń rọ̀ sọ́tùn-ún, ó ń rọ̀ sósì, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Ó pẹ́. Clive sún mọ́ ọn láti bá a kó yẹ̀pẹ̀. Noreen gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Nígbà tó bo ìkẹsàn-án, ó dìde. "Ó ti wà báyìí. Ẹ kọ ọ́."

Stobbart wo Hetty, ó wo àwọn tó dúró, ó fa bírò yọ.

"Ẹ kà á sókè."

"Noreen—"

"Ẹ kà á."

"Ìpín kẹrìnlá. N. Bewick. Ó ti ro ó tán." Ó húkọ́. "Asipárágọ́sì, ebè kan."

Noreen kò dúpẹ́. Mẹ́sàn-án kì í ṣe ọgbọ̀n. Stobbart pa ìwé rẹ̀ dé, ó gbé ẹsẹ̀ láti gba orí ebè náà sọdá sójú ọ̀nà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà gbogbo. Noreen na fọ́ọ̀kì ìwalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ gba ẹ̀yìn ebè."

Ó gba ẹ̀yìn, nínú ẹrẹ̀ tó mù ú dé orókún.