Ṣíbí Epo Kan Kí A Tó Wọ Sítọ́ọ̀

Ọ̀gá wa, Olóyè Májẹ́kódùnmí, ti fi oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú kòkó mu ògì rí. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rún wóró mẹ́ta sínú ògì gbígbóná, òun bu ṣúgà sí i, òun fi àkàrà tì í lẹ́yìn, òun sùn, òun sì jí. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe òun ni pé ẹ̀fọn ò lè jẹ òun mọ́. Ẹ̀fọn tó bá gbójúgbóyà bà lé òun lára, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, á wá ṣubú lulẹ̀, á kú.

Iwájú sítọ́ọ̀ kòkó rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́, ní ìlú Oǹdó, lọ́nà tó lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Àwa tí à ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó sórí àpò òfìfo, à ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ sítọ́ọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa. Kòkó tí ọ̀gá bá rà láti oko, a ó kó o sínú àpò, a ó to àpò léra wọn. Nínú sítọ́ọ̀ tiwa, àpò ga débi pé tí èèyàn bá dúró sórí èyí tó wà lókè pátápátá, yóò rí aṣọ tí wọ́n sá ní Ìlárá-Mọ̀kín, yóò sì mọ èyí tí kò tíì gbẹ. Kòkòrò a sì máa jẹ kòkó. Nítorí náà, a ó da tápólìn bo àpò, a ó ki wóró oògùn sábẹ́ rẹ̀, a ó fi yanrìn tẹ etí tápólìn mọ́lẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn. Oògùn yẹn yóò di afẹ́fẹ́ kan tó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń pa kòkòrò. Kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá kòkòrò ni tàbí èèyàn.

Wọ́n kọ ọ́ sára agolo oògùn náà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ lọ, kí ẹni tó bá sì máa wọlé fi ìbòmú gidi bo imú. Wọ́n wá ya agbárí èèyàn sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Èmi Kọ́ládé, n kò parí ilé ìwé, olùkọ́ ló bẹ̀ mí pé kí n máa lọ kí àwọn tó kù lè ríbi kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé agbárí kì í ṣe àmì ẹ káàbọ̀.

Ọ̀gá ò ra ìbòmú. Epo pupa ló rà. Igo epo náà rọ̀ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ báskúlù tí a fi ń wọn kòkó, wọ́n so ṣíbí kan mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò mu ṣíbí kan. Ọ̀gá ní epo ló ń pa oró májèlé. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa. Tí ọmọdé bá mu kẹrosíìnì, epo ni. Tí ewúrẹ́ bá jẹ oògùn eku, epo ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dojú rú ni pé ẹnu ni epo ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ oògùn sì ń gba imú. Wọn ò tilẹ̀ kí ara wọn lọ́nà.

Ṣàkírù ló kọ́kọ́ mọ èyí nínú wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Àkúrẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ. Agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rán an lọ gbé ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí dẹ́rẹ́bà bá ti lọ jẹun. Nígbà tí a ṣí sítọ́ọ̀ lẹ́yìn oògùn tó kọjá, ó mu ṣíbí epo tirẹ̀, ó nu ẹnu, ó wọlé. Kò jáde. Ẹsẹ̀ la fi wọ́ ọ síta. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ọ̀gá wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ó dájú pé o ò gbé epo yẹn mì dáadáa," ló sọ. Ó tún fún un ní ṣíbí mìíràn.

Àtìgbà yẹn ni Ṣàkírù ti ń wúkọ́. Ó wúkọ́ lọ́jọ́ kan lẹ́bàá títì, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n rò pé tírélà tí kò ní búrèkì ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí n kò fi ṣeré ni pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ tán mọ́ kó má jókòó sinmi láàárín. Dókítà sọ fún un níṣojú mi pé tó bá tún fa irú afẹ́fẹ́ yẹn símú, kó má retí pé òun máa rí i láàyè.

Ọjọ́ tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ ògì yìí, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn tuntun sábẹ́ tápólìn. Ó sọ̀rọ̀ ògì tán, ó gbọn ọwọ́ agbádá sókè.

"Tírélà tó máa kó kòkó ń bọ̀ lọ́la. Lọ́la náà la ó ṣí i."

Àǹtí Bísọ́dún, tó máa ń ṣa kòkó tó bàjẹ́ sọ́tọ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Olóyè, lọ́la kẹ̀? Àárọ̀ yìí la fi í síbẹ̀."

"Oògùn òde òní ni, ó máa ń yára. Ṣàkírù ni kó kọ́kọ́ wọlé. Òun ni ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀gá," Ṣàkírù ní, "dókítà ní..."

"Ṣé dókítà ló gbà ọ́ síṣẹ́? Tó bá jẹ́ dókítà ni, lọ bá a kó fún ẹ ní àpò rù."

Ṣàkírù wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Àríkẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, mo sọ fún un pé kó má wá lọ́la.

"Tí n kò bá wá, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ mi," ló dá mi lóhùn. "Màá di imú mú, màá sáré wọlé, màá sáré jáde."

"Ìwọ tí o kì í lè sáré gun àtẹ̀gùn?"

Ó ń wúkọ́.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Dẹ́rẹ́bà náà sáré débi pé a dé kí n tó wọkọ̀ tán. Ní Alágbàká, wọ́n júwe ọ́fíìsì ìjọba kan fún mi níbi tí obìnrin kan ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Màdáàmù Oríọlá ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀. Mo ro ẹjọ́ Ṣàkírù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Táyà ọkọ̀ wa ti jò."

Mo rí i pé òótọ́ ò lè gbé obìnrin yìí dé Oǹdó. Mo bá gbé òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mà, kì í ṣe ẹjọ́ ni mo tilẹ̀ wá rò. Ọ̀gá wa ló ní kí n wá pe ìjọba. Ó ti rí ohun tó borí oògùn náà. Epo pupa ni. Tó bá ti mu ṣíbí kan, yóò wọ inú afẹ́fẹ́ náà láìbo imú, yóò jókòó, yóò ka ìwé ìròyìn. Ó ní kẹ́ ẹ wá wò ó lọ́la."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Epo pupa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wọlé?"

"Òun fúnra rẹ̀, mà. Ó ní inú rẹ̀ lòun ti ṣe Kérésìmesì tó kọjá."

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ mú báàgì rẹ̀, ó ní òun á wọ mọ́tò wá lọ́la.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Olóyè, ìjọba ti gbọ́ nípa epo yín. Wọ́n ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá wò ó."

Ẹlòmíràn ì bá béèrè ẹni tó sọ fún wọn. Ọ̀gá béèrè bóyá wọ́n máa ya fọ́tò. Ìgbà tó máa fi dé sítọ́ọ̀, ó ti wọ agbádá funfun kan tí aṣọ rẹ̀ tó ran àsíá fún gbogbo ilé ìwé tó wà ní Ìpògùn.

Màdáàmù Oríọlá dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wọn afẹ́fẹ́ àti ìbòmú onírọ́bà ńlá tó gùn lẹ́nu bí imú ẹlẹ́dẹ̀. Ó kí wa, ó gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sọ ọ́ sínú báàgì. Ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà figbe ta. Ó ní kí gbogbo wa kọjá sí òdìkejì títì, ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, a sì kọjá.

"Olóyè, ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé?"

"Ṣàkírù yìí ni, Màdáàmù. Akọni ni."

"Ìbòmú rẹ̀ dà?"

Ọ̀gá tọ́ka sí igo epo tí mo gbé dání. "Òun nìyẹn."

"Ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Òfin nìyẹn."

"Mo ń dáàbò bò wọ́n! Oṣooṣù ni mò ń pààrọ̀ epo."

"Ó ń ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè yìí ni ọ̀gá ti ń dúró dè. Ó gbé agbádá sí èjìká. Ó ní òun ti sùn nínú sítọ́ọ̀ náà rí pẹ̀lú oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní ìgbà tí òtútù mú òun, inú ibẹ̀ lòun lọ mí sí tó fi lọ. Ó ní àwọn dókítà òyìnbó pe òun lórí fóònù, wọ́n ń sunkún, pé kí òun má tú àṣírí yìí kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Màdáàmù ń mi orí. Àǹtí Bísọ́dún kọ ojú sí ògiri.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màdáàmù wí. "Ṣàkírù, jókòó. Olóyè, ẹ mu epo yín kẹ́ ẹ wọlé ká rí yín. Tẹ́ ẹ bá wọlé, màá kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sókè. Tẹ́ ò bá wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé. Màá fi àgádágodo ìjọba tì í títí atẹ́gùn á fi fẹ́ ẹ, títí màá sì fi rí ìbòmú gidi lójú gbogbo wọn, títí kan ẹni tó ń wúkọ́ yìí, tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ sílé ìwòsàn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò ní ohùn.

"Èmi? Ààwẹ̀ ni mo wà lónìí."

"Olóyè, ẹ jẹ dòdò lọ́dọ̀ mi láàárọ̀," Àǹtí Bísọ́dún ní. "Ẹ tún ní kí n fi ẹyin sí i."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Kò jìnnà," Màdáàmù ní. "Títì lẹ máa kọjá."

Mo da ṣíbí epo kan, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí ẹni gbé omi fún ọba. Ó mu ún. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó gba igo lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún dé ìsàlẹ̀, epo ṣàn gba àgbọ̀n bọ́ sórí agbádá funfun.

"Kọ́ládé," Màdáàmù wí, láìwo ojú mi, "lọ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá rẹ."

Kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá ló wà lọ́wọ́ mi. Mo kọjá títì, mo di imú mú, mo ki kọ́kọ́rọ́ ṣáláńgá bọ àgádágodo, mo mì í, mo sì pariwo pé, "Ó ti ń ṣí o!"

Ọ̀gá sọ igo nù. Kò sọ pé ó dàbọ̀. Ó ká agbádá sókè dé àyà, ó kọrí sọ́nà Bọ́lọ́rundúró, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló kọ́kọ́ gbé. Ṣàkírù dìde lórí ìjókòó rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Ọlọ́kadà kan dúró, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n gbé yín?" Ọ̀gá kọjá lára rẹ̀ fìrì. Ọlọ́kadà tẹná sí i, ó lé e títí dé kọ́nà, ó padà wá bá wa, ó ní òun ò lè bá a.