Ọwọ́ Tó Wà Lórí Pátákó

Wẹ́dà ni màmá mi. Ayàwòrán kan ló ní kí wọ́n wá bá òun jó ẹsẹ̀ irin tó gbé iná àwòrán rẹ̀ dúró, tó kán. Àwòrán ìpolówó mínírà ni wọ́n ń yà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: agolo dúdú fún ọkùnrin, agolo píǹkì tẹ́ẹ́rẹ́ fún obìnrin. Àwọn géńdé mẹ́ta tí igbáàyà wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ló ń di agolo dúdú mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n agolo náà tutù bíi yìnyín, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n, àwòrán ò dúró. Géńdé! Ẹ gbà mí o.

Màmá mi jó irin tán, wọ́n pòṣé. "Ẹ gbé e wá jàre." Wọ́n dì í mú, ọwọ́ wọn ò mira títí ayàwòrán fi ní ó ti tó.

Báyìí ni ọwọ́ màmá mi, tòun ti àpá iná orí àtàǹpàkò, ṣe dórí pátákó káàkiri ìlú. Àwọn onímínírà kọ "Fún Ọkùnrin Gidi" sábẹ́ ẹ̀.

Lánàá, èmi àti màmá mi wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n nawọ́ sí agolo dúdú, ni bọ̀dá tó ń tajà bá ti píǹkì sí wọn.

"Mọ́mì, tọkùnrin nìyẹn. Tiyín rèé."

Mo ti fẹ́ fi ìbínú sọ̀rọ̀. Màmá mi kàn gbé ọwọ́ lé ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìpolówó náà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bọ̀dá wo àpá inú àwòrán, ó wo tàtàǹpàkò màmá mi, ó tún wo àwòrán.

Màmá mi ra méjèèjì, wọ́n tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o fún mi.

"Omi ṣúgà kan náà ni. Jẹ́ ká máa lọ, iṣẹ́ ń dúró dè mí."