Adìyẹ Tí Aránṣọ Tún Rán

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń jowú, kó wá wo aránṣọ yìí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ bọ̀. Á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tipẹ́, á máa ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀ ni yóò tún máa gbá. Bí ọmọ bá sì yọ, kì í ṣe ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kó lè mọ èyí tí wọ́n tún bá a ṣe lọ́hùn-ún.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Tíńtín ni wọ́n ń pè é nítorí bó ṣe kéré nígbà tí wọ́n bí i, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ bó tilẹ̀ ti fẹ́ ga tó ìyá rẹ̀. Ó ti mú ẹ̀gbà ọwọ́ onílẹ̀kẹ̀ bọ̀ rí. Ó ti mú ìgò tí wọ́n fi okùn wé yípo bọ̀, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n kì sí i lẹ́nu. Ó ti dé adé páálí bọ̀, adé ọ̀hún sì tóbi débi pé imú rẹ̀ ló dá a dúró. Ẹni tó ń bá a ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìyàwó tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà oògùn láàárín ọ̀sẹ̀, tí kì í sì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí ni Tíńtín ń pè é. Aránṣọ ní tirẹ̀ kò pè é lórúkọ rí. Nínú ọkàn rẹ̀, Ìyáàfin Gọ́ọ̀mù lobìnrin náà ń jẹ́, torí kò sí nǹkan kan tó ti ilé yẹn wá tí gọ́ọ̀mù kì í yọ jáde létí rẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn fún Ìyá Oníbọ́tìnnì, ìyá àgbà tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. "Ẹni tí ò lè rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ ọwọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò lè rán bọ́tìnnì?"

"Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún lọ́rùn ọkọ."

Ìyá Oníbọ́tìnnì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Hẹn-ẹn, o ṣì ń yẹ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò? Wọ́n ní obìnrin tí ò bá jowú, ọbẹ̀ ẹ̀ kì í dùn. Tìẹ á mà ti dùn kọjá ààlà o."

Ká sòótọ́, kì í ṣe ọkọ ló ń dun aránṣọ. Ọkọ ti lọ, ọkọ sì lè máa lọ. Ọjọ́ Sátidé ló ń dùn ún. Sátidé làwọn oníbàárà máa ń ya bo iwájú ilé rẹ̀ tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: èyí fẹ́ gba ẹ̀wù, èyí ní kí wọ́n bá òun dín in kù, ẹlòmíràn ń sunkún pé síìpù ò fà mọ́. Kò sí bí ọmọ ṣe lè rí i bá jókòó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Láwọn ọjọ́ tó kù pàápàá, bí Tíńtín bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló ń bá ìyá rẹ̀, píìnì lẹ́nu. Bó ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ ń fi ètè di píìnì mú, òun náà ń fi ètè di píìnì mú, ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí wọn síta. Ọmọ á máa ròyìn ilé ìwé lọ, ìyá á máa dá a lóhùn ní "ùn-ún" àti "ún-hùn", títí ọmọ á fi rọra gba inú ilé lọ. Aránṣọ kò ka ìyẹn sí nǹkan. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kí ọmọ lè jẹun, kó sì rí bàtà wọ̀.

Nínú gbogbo ohun tó ti ọ̀hún wá, èyí tó dùn ún wọnú eegun ni amọ̀ pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò, tí wọ́n tẹ ọwọ́ méjì sí lára kó tó gbẹ, ọwọ́ ńlá kan, ọwọ́ kékeré kan nínú rẹ̀. Tíńtín gbé e kọ́ sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ wà nílé ìwé, aránṣọ wọ yàrá náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ lé ọwọ́ ńlá yẹn. Ìka tirẹ̀ kúrú sí i. Inú bí i bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó gbé e padà sára ògiri, ó wọ́, ó sì mọ̀ pé ó wọ́, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Tíńtín dé, kò mú nǹkan kan dání.

"Kí lẹ ṣe lónìí?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi."

"Àbí Àǹtí ẹ ò ráyè ni?"

"Wọ́n ráyè."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́yà wọlé, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aránṣọ rí i. Ó ti wá di pé ọmọ òun àti obìnrin yẹn ń pa àṣírí mọ́ fún òun! Òun tó lóyún rẹ̀, tó rọbí rẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Tíńtín ṣe lọ sílé ìwé, ó fa báàgì náà jáde. Aṣọ tó fẹ́ fọ̀ ló ń wá, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú aṣọ ìwọ̀sùn, ló ti bá adìyẹ.

Adìyẹ aláṣọ ni, kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ, fọ́ọ̀mù ni wọ́n kì sí i nínú. Ẹ gbà mí, adìyẹ wo nìyí! Ọrùn rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ojú kan ga ju èkejì lọ, bíírò ni wọ́n sì fi yà á. Ojú ìránṣọ ara rẹ̀ ń rìn bí ọ̀mùtí, èyí gùn, èyí kúrú, òwú dúdú lórí aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Aránṣọ yí i padà, ó sì mọ aṣọ náà. Àjákù ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni: ìyeyè yìí ṣẹ́kù lára ẹ̀wù ìyàwó olùkọ́ kan, pupa tí wọ́n fi ṣe ogbe orí rẹ̀ sì ṣẹ́kù lára aṣọ àga.

"Háà," ó ní, "ó gba ọkọ, ó gba Sátidé, ó tún wá ń fi aṣọ mi rán ìránkúrán fún ọmọ mi."

Ó gbé adìyẹ náà bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe títí ó fi jókòó, tó rí bíléèdì tó fi ń tú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Kì í lè rí ìránṣọ wíwọ́ kó fi í sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá jókòó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló ní àrùn yẹn. Ó tú apá kan. Ó tú èkejì. Ó fa òwú dúdú náà jáde, ó jù ú sílẹ̀. Nínú aṣọ náà, níbi ọrùn, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó kán síbẹ̀, tó ti gbẹ.

"Abẹ́rẹ́ gún un!" Ó rẹ́rìn-ín látọkàn wá. "Kò tiẹ̀ gún un tó."

Ìyá Oníbọ́tìnnì gbọ́ ẹ̀rín náà, ó yọjú. "Kí lò ń tú?"

"Adìyẹ ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyáàfin Gọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ tún un rán, kí ọmọ lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìránṣọ. Ẹ bá mi wá bọ́tìnnì dúdú méjì tó bára mu, ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe."

"Ọmọ ọ̀hún ló ní kó o bá òun tún un ṣe?"

"Ó dìgbà tó bá ní kí n ṣe é?"

Ìyá àgbà náà wá bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n kò tètè fi í lé e lọ́wọ́. "Ọmọ ẹni ò lè ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, mo mọ̀yẹn. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣeté ni o."

"Ìyá, bọ́tìnnì ni mo bèèrè."

Ó gé etí aṣọ náà kó dọ́gba. Ó fi ẹ̀rọ rán an, ó fi ọwọ́ parí ibi tí ẹ̀rọ ò lè dé, kò sì sí ojú tó lè rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ó ki fọ́ọ̀mù tuntun sí i títí ara rẹ̀ fi le. Ó to ìyẹ́ sí i lápá, ó rán bọ́tìnnì sójú rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wọlé ń yìn ín, ọ̀kan tiẹ̀ ní kí wọ́n bá òun ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ òun. Inú aránṣọ dùn dé ẹ̀yìn. Kò rántí ìgbà tó ṣe nǹkan kan fún Tíńtín kẹ́yìn tí kì í ṣe yunifọ́ọ̀mù. Ó ń rò ó bí ọmọ náà ṣe máa fò mọ́ òun lọ́rùn, tí yóò ní, "Màámi, tiyín dáa ju ti Àǹtí lọ." Gbólóhùn yẹn gan-an ló fẹ́ gbọ́. Láti ọjọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń retí rẹ̀.

Nígbà tí Tíńtín ti ilé ìwé dé, adìyẹ náà ti jókòó pa lórí tábìlì ìgéṣọ.

"Wò ó," ni aránṣọ wí. "Mo rí i nínú báàgì ẹ. Mo bá ẹ tún un rán."

Ọmọ náà kò fò mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé adìyẹ, ó wo ìdí rẹ̀, ó wo ọrùn rẹ̀, ó fi ìka kan àwọn bọ́tìnnì náà. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Ó rí òwú dúdú tó lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ àga.

"Àǹtí ẹ gbìyànjú o," ni ìyá rẹ̀ wí, "àmọ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe gọ́ọ̀mù."

"Àǹtí kọ́ ló rán an. Èmi ni."

Ó na ìka rẹ̀ síwájú bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Pílásítà wà níbẹ̀, ó ti dọ̀tí, ó ti fẹ́ máa ṣí. Ó ti wà níbẹ̀ látàná, aránṣọ kò sì rí i, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ ló ń wá, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ.

"Tìẹ ni?"

"Tiyín ni. Mo rán an fún yín ni." Ó tẹ ìka mọ́ ikùn adìyẹ náà. "Ara ẹ̀ lẹ óò máa gún píìnì mọ́. Kẹ́ ẹ má máa kó o sẹ́nu mọ́. Kẹ́ ẹ lè máa dá mi lóhùn."

Aránṣọ lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde, kò sì sí píìnì kankan lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òwú dúdú jọ. Ó ní òun máa tú u, àwọn á jọ rán an padà bó ṣe wà. Tíńtín ní rárá. Kò sunkún, ìyẹn ló tiẹ̀ wá burú jù. Ó gbé adìyẹ náà síwájú ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èyí dáa, Màámi. Ẹ máa lò ó. Màá rán òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Àǹtí ni màá máa fi í sí títí màá fi parí ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà tún bá mi tún un ṣe."

Ó sì gba inú ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aránṣọ ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó pe nọ́ńbà Ìyáàfin Gọ́ọ̀mù. Bàbá ọmọ ló fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ nítorí àìsàn àti pàjáwìrì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ ẹ́ tó tún pa á kó tó jẹ́ kó dún.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ohùn kan wí kíákíá. Ẹ̀rù ti bà á. "Ṣé kò sí? Ṣé ara Tíńtín le?"

"Ara ẹ̀ le." Aránṣọ mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ korò lẹ́nu rẹ̀ bí oògùn. "Adìyẹ yẹn... mo tú u. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an."

"Yéè," ni obìnrin náà rọra wí.

"Ó fẹ́ rán òmíràn lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rán an bó ṣe wù ú. Ẹ má bá a tún un ṣe."

"Èmi kẹ̀, mà? Èyí tó rán yẹn, mo ní kí n bá a na ọrùn ẹ̀ díẹ̀, ṣe ló gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, pé màmá òun á mọ̀. Ó ní tí wọ́n bá kó ìránṣọ gbogbo ayé síwájú màmá òun, màmá òun á ṣa ti òun láàárín ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà. Bó bá ti dé báyìí, màmá òun lè ṣe tibí, màmá òun lè ṣe tọ̀hún. Kì í jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ míì."

Aránṣọ dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó kí i, kò dáhùn, oníbàárà náà sì jókòó dè é.

Gbogbo owú tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wá ń jẹ báyìí. Ọmọ rẹ̀ ti jókòó lọ́jọ́ Sátidé, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó ń fi ìyá rẹ̀ yangàn, obìnrin yẹn ló sì wà nítòsí tó gbọ́ ọ.