Nọ́ńbà Tí Vaimoana Yàn fún Ìyàwó

Ta ló máa sọ fún Vaimoana pé ó ṣìṣe? Ní Tonga tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lóbìnrin ló ga jù nínú ẹbí. Bó bá ní ọ̀sán ni òru, fìtílà la ó tàn.

Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ erékùṣù Vava'u ní ìṣirò. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Nígbà tí Ilaisaane, ọmọ àbúrò rẹ̀, fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó ní òun á wá nọ́ńbà ńlá kan tí kò ṣeé pín àfi fún oókan àti ara rẹ̀, bí ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni ò lè pín, kí wọ́n kùn ún sí etí ngatu ìgbéyàwó, aṣọ èèpo igi tí àwọn obìnrin ìjọ ń lù, tí tọkọtaya yóò máa sùn lé. 988027 ló mú. Lójoojúmọ́, àfi Sọ́ńdè, ló ń fi nọ́ńbà kan tí òun náà kò ṣeé pín pín in wò nínú ìwé rẹ̀: 2, 3, 5, 7, ó ń gòkè lọ. Ó lé ní oṣù mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù.

Ó wá ku 991 nìkan, èyí tó kẹ́yìn tó yẹ kó fi wò ó. Ọjọ́ Sátidé ni, iṣu àti ẹran ààrò abẹ́ ilẹ̀ sì gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ńkọ́? Ọjọ́ ìsinmi ni ní Tonga, ta ló jẹ́ fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù! Àfi bí àlùfáà ṣe ní kó dìde, kó sọ fún ìjọ ibi tó bá a dé.

"Kò ṣeé pín!" ni Vaimoana wí. Ìjọ pàtẹ́wọ́ títí. Vaimoana ò tún ṣí ìwé náà mọ́.

Ilaisaane ló ṣí i lọ́jọ́ Túsìdeé, kó lè da nọ́ńbà náà kọ sára aṣọ. Ó rí 991, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ó pín in. 997 ló bọ́ sí, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin.

"Pa á mọ́ra o!" Maka, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní. "Ẹlẹ́dẹ̀ sísun làwọn èèyàn ń bọ̀ wá jẹ, kì í ṣe ìṣirò."

Ṣùgbọ́n Ilaisaane ò lè sùn lórí irọ́ títí ayé. Kò sì fẹ́ dójú ti obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ bá a.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ ò tíì fi 991 wò ó."

"Ìwọ! Ìwọ tí mo kọ́ ní ení, èjì!"

Ó já pẹ́ńsùlù gbà, ó pín in fúnra rẹ̀. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

"Yéè! Inú ilé Ọlọ́run ni mo ti parọ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí 991 nínú ìwé náà.

"Ilaisaane, 991, ṣé ó ṣeé pín?"

"Rárá, mà."

"997 ńkọ́?"

"Òun náà kò ṣeé pín."

"Nínú gbogbo irú wọn tí kò ṣeé pín, kò sí ìkankan tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ni wọ́n jọ bí 988027, kò lóbìí míì." Ó nu ojú. "Kùn ún síbẹ̀, tìwọ àti Maka ni. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi fúnra mi á sọ fún ìjọ pé mo ṣì í. Èyí tí mò ń wá kiri, tí kò ní nǹkan kan ju oókan àti ara rẹ̀ lọ, ọmọ mi, èmi nìyẹn."