Ọwọ́ Kan Tí Kò Nà Sókè

"Ẹ dákun, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré," ni Odile Valentin wí, ó sì dìde láàárín àwọn àga òfìfo inú gbọ̀ngàn orin. "Apá ìkẹyìn orin mi nìkan ló kù."

Ṣùgbọ́n àwọn olórin ti ń nu fayolíìnì wọn. Àkókò ti pé, ìgbáradì ìkẹyìn ti parí, ọ̀la ni wọn yóò sì ṣe é lójú gbogbo ìlú Épinal. Rémi Castaing, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí wọn, ti fi gbogbo àárọ̀ tọ́jú orin àtijọ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀ bí ẹni mowó, torí òun ni èrò ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àkókò tó ṣẹ́ kù ló sọ sí orin tuntun Odile bí ẹni sọ eegun sájá. Kò ya Odile lẹ́nu. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kọ orin sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni: wọn á bẹ̀ ẹ́ kó wá kọ tuntun, wọn á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó di gbére.

Èyí tòní ló yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó, tó máa ń pe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ní ariwo lásán, ti gbọ́ pé orin tí olóògbé bàbá Odile máa ń súfèé nígbà tó bá ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wà nínú apá ìkẹyìn yìí. Màmá ní òun ń bọ̀ wá gbọ́ ọ. Kò tíì wá gbọ́ orin Odile rí.

"Òfin àwọn olórin ni pé a ò gbọdọ̀ kọjá àkókò, Màdáámù," ni Rémi wí. "Àyàfi bí gbogbo wọn bá gbà. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, ó parí."

"Bi wọ́n."

Ó bi wọ́n. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, àwọn kan yá, àwọn kan lọ́ra. Ó wá ku ọwọ́ kan. Didier Mougel, tó ń ta fayolíìnì olóhùn wúwo, kó ọwọ́ rẹ̀ lé itan. Òun àti Odile ti jọ jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí rí, kí Odile tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ orin.

"Didier, èmi ni mo ń bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́. Ta ló jà fún òfin yìí?"

Odile yíjú sí àwọn àga òfìfo.

"Ṣé kí n rán ọ létí ni? Nígbà tí a daṣẹ́ sílẹ̀, òjò ń pa wá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, ìwọ lo gun orí àga. O ní bí a bá fún àwọn ọ̀gá ní ìṣẹ́jú kan lọ́fẹ̀ẹ́, wọn á gba wákàtí. O ní ká má fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti pinnu, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà ò ní lè kọ̀." Ó fi àgbọ̀n júwe àwọn tó wà lẹ́yìn. "Wo àwọn ọmọdé yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n síṣẹ́ ni. Ta ni kó bá wọn kọ̀ ọ́?"

"Bàbá mi ló wà níbẹ̀, Didier."

"Mo mọ̀. Ó dùn mí." Ó gbé àpótí fayolíìnì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde.

Odile fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Àṣé igi téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lè wó lu ilé rẹ̀.

Rémi sún mọ́ ọn. "Àwọn oní-rédíò ń bọ̀ wá gbà á sílẹ̀ lọ́la. Ẹlẹgẹ́ ni apá yẹn, Màdáámù. Bí a bá kù gììrì wọ̀ ọ́ láìtíì dán an wò, ó lè dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣé ká gé e ni, àbí ká ṣe é bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú."

Odile rìn lábẹ́ òjò wínníwínní lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, rólà tí wọ́n fi ká irun kún orí rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ rẹ̀ tó dára jù lọ kọ́ sára kọ́bọ́ọ̀dù.

"O ti dé. Ṣé wọ́n mú ohùn bàbá rẹ dáadáa?"

"Wọn ò ráyè dé ibẹ̀, Màmá." Ó rò ó fún un, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Didier tó máa ń jẹ gbogbo páì mi tán yẹn?"

"Òun náà ni."

Ìyá yíjú sójú fèrèsé. "Bàbá rẹ pàápàá ò ní nawọ́."

"Màmá."

"Ìgbà wo lo rò pé ó máa ń súfèé ọ̀hún? Kò súfèé nídìí ẹ̀rọ rí. Bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti dún, òwú ì báà já, ọ̀gá ì báà máa pariwo, kóòtù rẹ̀ ni yóò wọ̀. Torí pé iṣẹ́ ti parí ló ṣe ń súfèé. Ìwọ wá fẹ́ tìtorí ẹ̀ dá àwọn ọmọ ọlọ́mọ dúró."

Omi lé ròrò sójú Odile. Ó yọ fóònù. "Rémi, gé e. Wọn ò tíì dán an wò." Rémi bi í bóyá ó dá a lójú. "Mo ní kó o gé e."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Wá bá mi tú àwọn rólà yìí. Wọ́n ń fa orí mi."

"Ẹ ò ní wá mọ́?"

"Bí bàbá rẹ ò bá sí níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ wá gbọ́?"

Odile dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun náà ò tíì gbẹ.